Ìlẹ̀kùn Ilé Ẹ̀kọ́: Ìtàn Àwọn Ọmọ Aláàbọ̀ Ara ní Washington, àti Bí Ó Ṣe Kan Ìbàdàn

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà máa ń wí. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí òwe yìí ti jinlẹ̀ tó, kí ó wo inú ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ tí ó ríran a máa fi ojú kàwé, afọ́jú a máa fi ìka ọwọ́ kà á. Ọmọ tí ó gbọ́ràn a máa fi etí gba ọ̀rọ̀ olùkọ́, adití a sì máa fi ojú gbà á láti ọwọ́ olùkọ́ tí ó mọ èdè ọwọ́. Ọjà kan náà ni gbogbo wọn ń lọ, ọ̀nà ni ó yàtọ̀. Síbẹ̀, ní ibi púpọ̀ láyé, ọ̀nà kan ṣoṣo ni àwọn alákòóso ilé ẹ̀kọ́ là sílẹ̀; ọmọ tí kò bá lè tọ ọ̀nà náà, wọn a ní kí ó padà sílé.

Ní ilẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́, ẹni òrìṣà ni a ń pe arọ, abuké àti àfín, nítorí ìgbàgbọ́ pé Ọbàtálá tí ó mọ ènìyàn ni ó mọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá sì fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, òrìṣà ni ó fi ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a má fi ènìyàn ṣe ẹlẹ́yà, ọ̀tọ̀ ni kí a kọ́ ọ ní ìwé. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ dé, ìbéèrè méjì bá a dé. Ǹjẹ́ ẹ̀tọ́ ni ẹ̀kọ́ jẹ́ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tàbí àánú ni a fi í ṣe fún un? Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀tọ́, ta ni yóò kọ́ ọ?

Ìlú kan wà tí a ti gbé ìbéèrè méjèèjì yìí lọ síwájú adájọ́ ní gbangba, kì í ṣe ní ẹ̀ẹ̀kan. Ìlú náà ni Washington, olú ìlú Amẹ́ríkà. Ìtàn rẹ̀ yẹ ní mímọ̀ fún àwọn ọmọ Yorùbá, nítorí pé orí ilẹ̀ kan náà tí ẹjọ́ àkọ́kọ́ dá lé lórí ni ọkùnrin tí ó dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ti gba oyè rẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ tí ó wà nítòsí, tí ó sì jìnnà

Washington kò sí lábẹ́ ìpínlẹ̀ kankan. Àgbègbè kan tí ó dá dúró ni, Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Amẹ́ríkà sì ni ó ń di okùn àpò owó rẹ̀ mú ní àkókò tí ìtàn yìí bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1857, ọlọ́rọ̀ kan tí ń jẹ́ Amos Kendall, tí ó ti ṣe olórí iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà rí, fi ilẹ̀ àti ilé sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ adití àti afọ́jú. Edward Miner Gallaudet, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ 20 ọdún, ni a fi ṣe alábòójútó rẹ̀. Ìyá rẹ̀, Sophia Fowler Gallaudet, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, ni ó ń ṣe ìtọ́jú àwọn ọmọ nínú ilé. Ní ọdún 1864, Ààrẹ Lincoln fi ọwọ́ sí òfin tí ó fún ilé ẹ̀kọ́ náà ní àṣẹ láti máa fún ni ní oyè bí yunifásítì. Láti ìgbà náà ni ilé ẹ̀kọ́ méjì ti wà lórí ilẹ̀ kan: Kendall fún àwọn ọmọdé, Gallaudet fún àwọn àgbà.

Ọ̀dọ̀ Kendall ni ìlú Washington ń rán àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó jẹ́ adití lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1905, a kó wọn kúrò níbẹ̀, a sì kó wọn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ní Overlea, lẹ́bàá ìlú Baltimore ní ìpínlẹ̀ Maryland, ibi tí ó tó nǹkan bí 40 máìlì sí Washington. Láti ọjọ́ náà, ọmọ dúdú tí ó jẹ́ adití, ìbáà jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ògiri Kendall gan-an ni ilé baba rẹ̀ wà, ní láti di ẹrù rẹ̀ kí ó lọ máa gbé láàárín àjèjì kí ó tó lè kọ́ láti kọ orúkọ ara rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ti rí nìyẹn fún ohun tí ó lé ní 40 ọdún.

Ẹjọ́ ọdún 1952

Ìyá kan tí ń jẹ́ Louise Miller kò gbà. Kenneth, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, jẹ́ adití, wọ́n sì kọ̀ láti gbà á sí Kendall nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Òun àti àwọn òbí mìíràn pe ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ ìlú náà lẹ́jọ́. Ní ọdún 1952, adájọ́ dá wọn láre: bí ìlú bá ń kọ́ àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun tí ó jẹ́ adití nínú ìlú, kò gbọdọ̀ lé àwọn ọmọ dúdú jáde lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn láti lọ wá ẹ̀kọ́ kan náà.

Ìdáhùn tí ilé ẹ̀kọ́ náà fún ìdájọ́ yìí yani lẹ́nu. Wọn kò mú àwọn ọmọ náà wọ kíláàsì pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n ya ẹ̀ka kan sọ́tọ̀ fún wọn lórí ilẹ̀ kan náà, wọ́n sì pè é ní ẹ̀ka kejì, ti àwọn aláwọ̀ dúdú. Ọmọ 24 ni ó kàwé níbẹ̀, olùkọ́ 4 tí wọ́n jẹ́ aláwọ̀ dúdú ni ó kọ́ wọn. Bí ìlẹ̀kùn ti ṣí náà ni a tún mọ ògiri sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún ọdún 1954, ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ Bolling, èyí tí ó fi òpin sí ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Washington, ẹ̀ka kejì náà sì parẹ́.

Ó gba nǹkan bí 70 ọdún kí ilé ẹ̀kọ́ náà tó padà wá wo ẹ̀yìn. Ní oṣù keje ọdún 2023, Gallaudet ṣe ayẹyẹ kan níbi tí a ti fún àwọn ọmọ 24 náà ní ìwé ẹ̀rí tí wọn kò rí gbà nígbà èwe wọn. Àwọn kan gbà á fúnra wọn ní ọjọ́ ogbó, àwọn ẹbí sì gbà á fún àwọn tí ó ti lọ. Ohun kan tí ó yẹ kí àwọn olùkọ́ kíyè sí nínú ayẹyẹ náà ni pé a kò gbàgbé àwọn olùkọ́ 4 yẹn. A dá wọn lọ́lá pẹ̀lú àwọn ọmọ. Orúkọ adájọ́ àti ti ẹni tí ó pe ẹjọ́ ni ìtàn sábà máa ń rántí. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún 1952 sí 1954, ìwé ìdájọ́ kò kọ́ ọmọ kankan ní ìwé. Àwọn olùkọ́ 4 wọ̀nyẹn ni ó kọ́ wọn.

Ẹjọ́ ọdún 1972

Ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà kúrò nínú òfin, ṣùgbọ́n ìyàsọ́tọ̀ mìíràn gba ipò rẹ̀. Ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí pín àwọn ọmọ sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ gẹ́gẹ́ bí a ti rò pé ọpọlọ wọn mú tó, ọ̀wọ́ tí ó rẹlẹ̀ jùlọ ni a sì kó púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tálákà àti ọmọ dúdú sí. Ní ọdún 1967, Adájọ́ J. Skelly Wright fi òpin sí ètò náà nínú ẹjọ́ tí Julius Hobson pè. Síbẹ̀ àwọn kan wà tí ipò tiwọn burú ju ti ọ̀wọ́ ìsàlẹ̀ lọ: àwọn ọmọ tí kò sí ní ọ̀wọ́ kankan, nítorí pé a ti lé wọn sílé pátápátá.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1971, ọmọ 7 láti ọwọ́ àwọn òbí àti alágbàtọ́ wọn pe ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ náà lẹ́jọ́. Ọmọ dúdú ni gbogbo wọn. A ti sọ nípa àwọn kan pé wàhálà wọn pọ̀ jù, nípa àwọn mìíràn pé ọpọlọ wọn kò pé, a sì ti lé wọn jáde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jókòó gbọ́ ẹjọ́ wọn. Àwọn olùpẹjọ́ fojú bù ú pé ọmọ 22,000 ni ó wà ní ìlú náà tí ó nílò ẹ̀kọ́ àkànṣe, àti pé ó ṣeé ṣe kí ó tó 18,000 nínú wọn tí kò rí i gbà. Ìgbìmọ̀ náà kò lè sẹ́, nítorí pé nínú ìròyìn tí ìlú fúnra rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí ìjọba àpapọ̀, ó ti jẹ́wọ́ pé ọmọ aláàbọ̀ ara 12,340 ni a kò ní kọ́ ní ọdún ẹ̀kọ́ 1971 sí 1972.

Owó ni ìgbìmọ̀ náà fi gbèjà ara rẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ náà ní ẹ̀tọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àfi bí Ìgbìmọ̀ Aṣòfin bá fi owó kún owó, tàbí kí a mú owó kúrò lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ yòókù. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ ọdún 1972, Adájọ́ Joseph Waddy, tí òun náà jẹ́ ọmọ adúláwọ̀, dá ẹjọ́ tí a ń pè ní Mills. Ó ní àìtó owó kì í ṣe ìdí láti ti ọmọ mọ́ta. Bí owó kò bá kárí, kí a pín in pẹ̀lú òdodo, kí ìnira àìtó rẹ̀ má sì wúwo lórí ọmọ aláàbọ̀ ara ju orí àwọn yòókù lọ. Ìdájọ́ yìí kò ṣòro fún ẹni tí ó ti tọ́mọ rí: bí oúnjẹ ilé kò bá tó, gbogbo ọmọ ni yóò jẹ díẹ̀ díẹ̀, a kì í lé ọ̀kan síta kí àwọn yòókù lè yó. Adájọ́ náà pàṣẹ pẹ̀lú pé a kò gbọdọ̀ dá ọmọ kankan dúró sílé ju ọjọ́ 2 lọ láìjẹ́ pé a gbọ́ tẹnu òun àti ti àwọn òbí rẹ̀.

Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ wáyé ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní àkókò kan náà, ariwo rẹ̀ sì kan gbogbo ilẹ̀ náà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 1975, Ààrẹ Ford fi ọwọ́ sí òfin ẹ̀kọ́ fún gbogbo ọmọ aláàbọ̀ ara. Àwọn aṣòfin kọ ọ́ sínú òfin náà pé àwọn ọmọ aláàbọ̀ ara ní Amẹ́ríkà lé ní mílíọ̀nù 8, pé ó ju ìlàjì wọn lọ tí kò rí ẹ̀kọ́ tí ó yẹ wọ́n, àti pé mílíọ̀nù 1 ni a ti tì mọ́ta pátápátá. Láti ìgbà náà, a gbọ́dọ̀ yẹ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wò láti mọ ohun tí ó nílò. Òbí àti olùkọ́ gbọ́dọ̀ jókòó pọ̀ kí wọ́n kọ ìwé ètò ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ní ọdọọdún. A gbọ́dọ̀ kọ́ ọ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dé ibi tí ó bá ṣeé ṣe dé. Bí òbí kò bá sì gbà pẹ̀lú ilé ẹ̀kọ́, ó ní ibi tí ó lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ.

Òfin dé, olùkọ́ ńkọ́?

Ìwé ètò ẹ̀kọ́ kì í dá ṣiṣẹ́. Bí a bá kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé adití yóò ní ògbifọ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tí ó mọ èdè ọwọ́. Bí a bá kọ ọ́ pé afọ́jú yóò ka ìwé onítótó, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò kọ́ ìka rẹ̀ láti mọ ìtumọ̀ àwọn tótó náà. Ọmọ tí kò lè rìn nílò ẹni tí yóò bá a gun ọkọ̀, tí yóò sì bá a sọ̀ kalẹ̀. Igi kan kì í dá igbó ṣe: olùkọ́ kíláàsì tí a fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́ láìsí amọṣẹ́ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a ti di ẹrù tí ó ju agbára rẹ̀ lọ lé e lórí, ẹni tí ìyà rẹ̀ yóò sì jẹ ni ọmọ náà.

Nínú òfin ọdún 1975, ìjọba àpapọ̀ ṣe ìlérí láti máa ran àwọn àgbègbè ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ títí ìrànlọ́wọ́ náà yóò fi tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí a ń ná lórí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Amẹ́ríkà. Ìlérí náà kò tíì ṣẹ ní ọdún kankan. Àṣẹ ti òkè wá, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀ di ti àwọn tí ó wà nísàlẹ̀.

Washington, tí ó ṣíwájú nínú ìdájọ́, kò ṣíwájú nínú ìmúṣẹ. Nítorí pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìlú náà kò ní ohun èlò àti olùkọ́ tí ó tó, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ni a rán lọ sí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, ìlú ni ó sì ń san owó wọn. Ní ọdún 1995, àwọn òbí tún gba ilé ẹjọ́ lọ nínú ẹjọ́ Petties, nítorí pé ìlú kò san owó náà lásìkò, ọkọ̀ tí ń kó àwọn ọmọ náà kò sì ṣeé gbọ́kàn lé. Ọ̀ràn ọkọ̀ yìí le tó bẹ́ẹ̀ tí ilé ẹjọ́ fi gba àkóso rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ìlú ní ọdún 2003, tí ó sì fi í sí ọwọ́ ẹni tí ó yàn. Ọdún 2012 ni ẹjọ́ náà tó parí. Ní ọdún 1997, ẹjọ́ mìíràn tún bẹ̀rẹ̀ nítorí pé ìlú kò gbọ́ ẹ̀sùn àwọn òbí lásìkò tí òfin dá. Bí a bá ka iye ọdún láti ìdájọ́ Waddy títí di òpin ẹjọ́ ọkọ̀, 40 ọdún géérégé ni. Ọmọ tí a tì mọ́ta ní ọdún 1972 ti di ẹni tí ó lè bí ọmọ, kí ọmọ náà sì dàgbà, kí ìlú tó lè fi ọkọ̀ tí ó ṣeé gbọ́kàn lé gbé ọmọ aláàbọ̀ ara dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́.

Láti Washington dé Ìbàdàn

Ní ọdún 1951, nígbà tí àwọn òbí ọmọ dúdú ṣì ń bá ìlú Washington jà nítorí Kendall, ọ̀dọ́mọkùnrin dúdú kan wọ Gallaudet. Andrew Foster ni orúkọ rẹ̀. A bí i ní ọdún 1925 ní ìpínlẹ̀ Alabama. Àìsàn ni ó sọ ọ́ di adití nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 11. Lórí ilẹ̀ kan náà tí àwọn ọmọ 24 náà ti ń kàwé nínú ẹ̀ka tiwọn nìkan, Foster ń kàwé fún oyè, ó sì gba oyè náà ní ọdún 1954. Òun ni a mọ̀ sí ọmọ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba irú oyè bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 1957, ó kọjá sí Accra ní ilẹ̀ Gánà, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn adití. Ní ọdún 1960, ó dá òmíràn sílẹ̀ ní Ìbàdàn.

Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọdún 1955, ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn adití sì ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1958. Foster kò bá òfin kankan tí ó dà bí ìdájọ́ Waddy pàdé ní Ìbàdàn, kò sì dúró dè é. Ẹ̀yìn ni ó ti mú iṣẹ́ náà: ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú olùkọ́. Ó mú èdè ọwọ́ tí ó lò ní Amẹ́ríkà wá, ó kọ́ àwọn ọmọ, ó sì kọ́ àwọn adití tí ó ti dàgbà láti di olùkọ́. Àwọn adití láti àwọn ilẹ̀ tí ń sọ èdè Faransé náà wá gba ẹ̀kọ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn lọ́dọ̀ rẹ̀. Èdè ọwọ́ tí ó gbé wá ni ó di gbòǹgbò èyí tí a ń lò nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ adití ní Nàìjíríà. Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú já pẹ̀lú rẹ̀ ní ilẹ̀ Rwanda ní oṣù kejìlá ọdún 1987, àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ó ti dá sílẹ̀ ní Áfíríkà lé ní 30.

Ìjọba náà tẹ̀ lé e. Ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1977 ya apá kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ àkànṣe, ní ọdún kan náà sì ni a dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ń kọ́ àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ àkànṣe sílẹ̀, èyí tí ó wà ní Ọ̀yọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, Ààrẹ fi ọwọ́ sí òfin tí ó ka yíya àwọn aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Òfin náà fún wọn ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé ẹ̀kọ́ girama. Ó sì sọ ohun kan tí àwọn ẹjọ́ Washington fi ọdún púpọ̀ wá: pé ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, òṣìṣẹ́ kan tí a kọ́ ní iṣẹ́ àbójútó ẹ̀kọ́ àwọn aláàbọ̀ ara.

Ìparí

Ohun tí ó hàn nínú ìtàn yìí ni pé ìlẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀kẹ̀ méjì tí ó dè é mú. Ẹ̀tọ́ ni ọ̀kan, olùkọ́ ni èkejì. Washington já ti àkọ́kọ́ nípasẹ̀ ìgboyà àwọn òbí, ti èkejì sì dá a dúró fún 40 ọdún. Ìbàdàn rí olùkọ́ kí ó tó rí òfin, ọmọ púpọ̀ sì jàǹfààní. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí kò ní òfin lẹ́yìn, inú rere ẹni tí ó dá a sílẹ̀ ni ó gbé e ró, inú rere kò sì lè dé gbogbo ìlú àti gbogbo abúlé. Apá kan kò gbé ẹyẹ fò.

Ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí, òfin ti wà, kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ń kọ́ olùkọ́ sì wà. Ọgbọ́n tí ó kù fún olórí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, àti fún alákòóso ètò ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ni kí ó wo ìwé orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, kí ó béèrè àwọn ọmọ àdúgbò tí orúkọ wọn kò sí níbẹ̀ àti ìdí tí kò fi sí. Lẹ́yìn èyí, kí ó wo ìwé orúkọ àwọn olùkọ́ rẹ̀, kí ó béèrè ta ni nínú wọn tí a ti kọ́ láti gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ bá mú un dé ẹnu ọ̀nà.